Omi jakúsì tó ń dàrú ní gbogbo Sátidé: Hypo mélòó, nígbà wo?

Ìbéèrè: Mo ní ilé àlejò kékeré kan ní Ìyìn-Èkìtì. A ra jakúsì tòkunbọ̀ (agbada ìwẹ̀ omi gbígbóná tí póńpù ń ru) tó gba èèyàn márùn-ún, a sì gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ páànù. Omi bóhóòlù la ń lò. Ọmọ tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ máa ń da Hypo sí i láàárọ̀ Mọ́ńdè àti láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bó bá fi máa di ọ̀sán Sátidé, omi á ti funfun bí omi ògì, òórùn Hypo á máa ta èèyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà, àwọn àlejò á sì máa ní ara ń yún àwọn. Ṣé Hypo yẹn ló pọ̀ jù ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi la ètò kan tó rọrùn sílẹ̀, tí ọmọ náà lè máa tẹ̀lé.

Ìdáhùn: Hypo yín ò pọ̀ jù o. Ó kéré, kì í sì í dé lásìkò. Òórùn tó ń ta yín nímú yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Omi tí klorínì (ohun tó ń pa kòkòrò nínú Hypo) inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ìgbà tí klorínì bá ti gbá òógùn, ìtọ̀ àti ìpara mú, tí kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó máa parí iṣẹ́ náà, ló máa ń di ohun mìíràn tó ń rùn, tó ń ta ojú, tó sì ń mú ara yún. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn yẹn á ní kí wọ́n dín Hypo kù. Wọ́n á dín in kù, ọ̀ràn á sì tún burú sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Jakúsì èèyàn márùn-ún sábà máa ń gba omi bíi lítà 1,200. Bí àwọn márààrún bá wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lítà 240 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tiẹ̀ pé kẹ́ẹ̀gì 25 mẹ́wàá. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá omi gbígbóná, ẹnì kan ń làágùn sínú rẹ̀ fún odidi wákàtí kan, ẹ ò sì ní dà á nù lọ́la, ẹ ò ní dà á nù lọ́tùnla. Ìdí nìyẹn tí ètò odò ìwẹ̀ ńlá ti hòtẹ́ẹ̀lì ò fi lè bá a mu.

Àwọn kan a máa sọ pé ṣebí ẹnì kankan kì í da nǹkan sí omi Ìkógòsì, àwọn èèyàn sì ń wẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi Ìkógòsì ń ṣàn tọ̀sán-tòru: èyí gbígbóná ń jáde látinú ilẹ̀ ní nǹkan bíi 70°C, ó ń lọ pàdé èyí tútù, àwọn méjèèjì sì jọ ń bá tiwọn lọ. Omi tó kàn yín lára níbẹ̀ kì í padà wá. Ti jakúsì, omi kan náà ni póńpù ń fà tó sì ń tú padà, láti ara àlejò àná dé ara àlejò òní.

Nítorí náà, èèyàn ni kí ọmọ yẹn máa kà, kì í ṣe ọjọ́. Ẹnì kan tó bá lo wákàtí kan nínú omi tó gbóná tó 38 sí 40°C máa jẹ klorínì tó wà nínú Hypo bíi mílílítà 250. Èèyàn méjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 250 kan náà ni. Èèyàn mẹ́rin fún wákàtí kan, lítà kan gbáko. Ó lè dà bíi pé ó pọ̀ lójú yín, ṣùgbọ́n ohun tí òógùn àti ìdọ̀tí ara ń jẹ nìyẹn. Hypo tí wọ́n kọ 3.5% sí lára ike rẹ̀ ni mo fi ṣe ìṣirò yìí. Bí èyí tí ẹ rà bá jẹ́ 5%, 175 ló máa tó dípò 250. Èyí tí kò ní òórùn dídùn tí kò sì ki ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún fífọ ilé ìyàgbẹ́.

Kí ọmọ náà má bàa máa fojú wọ̀n ọ́n, ẹ wá ìgò omi 75cl tó ti ṣófo, ẹ fi bírò aláwọ̀ tí kì í parẹ́ fa ìlà sí i ní ìdá mẹ́ta-mẹ́ta. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250. Ẹ kọ "HYPO" gàdàgbà sí i lára, ẹ má sì jẹ́ kí ìgò náà wọ ilé ìdáná láé, nítorí pé ìgò omi ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Alẹ́ ni kó máa dà á sí i, kété tí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde. Bí ó bá dúró di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó dà á, kòkòrò ti fi gbogbo òru jẹun. Kó tan póńpù kí omi máa ru, kó da Hypo náà káàkiri díẹ̀díẹ̀, kó fi ọmọrí jakúsì sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ogún ìṣẹ́jú kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè jáde, kó tó wá bò ó. Bí a bá dé e mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ náà máa jẹ ìdí ọmọrí àti ìrọ̀rí rẹ̀ di fùlẹ̀fùlẹ̀.

Láàárọ̀, kó fi bébà ìdánwò wo omi kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Klorínì tó ṣì wà lómìnira, ìyẹn èyí tí kò tíì gbá ìdọ̀tí mú, gbọ́dọ̀ wà láàárín 3 sí 5 ppm (1 ppm jẹ́ gíráàmù kan nínú lítà 1,000), pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí) láàárín 7.2 sí 7.8. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ ti parí, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí klorínì bá lọ sílẹ̀ ju 3 lọ, mílílítà 35 Hypo máa gbé lítà 1,200 sókè ní 1 ppm. Bó bá ju 5 lọ, kó ṣí ọmọrí, kó tan póńpù, kó dúró kó sọ̀kalẹ̀. Bó bá sì ń lọ sódo ní àràárọ̀ pẹ̀lú gbogbo Hypo alẹ́ yẹn, ohun kan wà nínú páìpù tó ń jẹ ẹ́, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí àlejò rárá náà, klorínì ṣì máa ń dín kù fúnra rẹ̀, kó wò ó bẹ́ẹ̀, kó fi ìwọ̀nba tó dín kún un.

Bébà yẹn ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kó tẹ̀ ẹ́ bọ omi lẹ́ẹ̀kan, kó mú un jáde ní títẹ́, kó má gbọ̀n ọ́n, kó sì kà á ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n kọ sára agolo, kì í ṣe ìgbà tó bá rántí. Ọwọ́ tútù ò gbọ́dọ̀ wọ inú agolo náà, nítorí ọ̀rinrin máa ń ba ìyókù jẹ́. Èyí tó léwu jù: bí klorínì bá pọ̀ kọjá ààlà, ó lè bó àwọ̀ ìdánwò náà funfun, ẹ ó sì máa rò pé òdo ni. Ọmọ á tún da òmíràn lé e. Bí àbájáde bá jẹ́ òdo lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da Hypo, ẹ bu omi jakúsì ife kan, ẹ fi omi mímu inú ike ife mẹ́rin là á, ẹ tún un wò. Bí àwọ̀ bá jáde wàyí, ẹ fi márùn-ún sọ ohun tí ẹ rí di púpọ̀.

Omi tó wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹ má wulẹ̀ dààmú lórí rẹ̀. Ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dà á nù, páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, pàápàá nítorí pé tòkunbọ̀ ni. Jakúsì tó ti wà ní gbígbẹ fún oṣù mélòó kan nínú kọ̀ǹténà máa ń ní ohun yíyọ̀ kan tó lẹ̀ mọ́ inú páìpù, bí èyí tó máa ń wà nínú ìkòkò omi tí wọn ò fọ̀. Inú rẹ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí, òun náà ló sì ń jẹ Hypo yín lóru. Bí ẹ bá rí oògùn tí wọ́n ṣe fún fífọ páìpù jakúsì rà, òun ló dára jù. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ pa híítà, ẹ yọ asẹ́ àti ìrọ̀rí kúrò, ẹ da Hypo lítà méjì sínú omi àtijọ́ yẹn, ẹ ṣí gbogbo ojú ihò afẹ́fẹ́ àti ti omi, ẹ jẹ́ kí póńpù ru ú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìbò, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, kí ẹ tún ru ú. Ẹ máa rí i tí ìdọ̀tí dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ á máa jáde lójú ihò, á máa léfòó bí ewé tíì. Ẹ máa kó o kúrò. Bó bá ṣì ń jáde, ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná rẹ̀ láti ibi bírékà, kì í ṣe láti ojú bọ́tìnnì nìkan. Híítà tó bá tàn láìsí omi lára rẹ̀ kì í pẹ́ jóná. Ẹ wá fà á gbẹ, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu inú rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ ò gbọ́dọ̀ kàn án: ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù máa hó sí yín lójú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Omi bóhóòlù wa ní Èkìtì, orí àpáta ló ti ń wá, irin sì máa ń wà nínú òmíràn. Ẹ bu díẹ̀ sínú garawa funfun, ẹ da Hypo ìdérí ìgò kan sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n bí omi tíì, tàbí tí ohun bí ìpẹtà bá jókòó sí ìsàlẹ̀, irin nìyẹn, ohun kan náà ló sì máa ṣẹlẹ̀ nínú jakúsì. Ẹ fa omi náà sínú táǹkì òkè, ẹ da Hypo bíi mílílítà 150 sí lítà 1,000, ẹ jẹ́ kó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Èyí tó wà lókè ni kí ẹ lò, ẹ má fa ìsàlẹ̀ táǹkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da álọ́ọ̀mù sínú jakúsì bí ẹ ti ń dà á sínú omi kànga o. Gbogbo ohun tó bá kó jọ ló máa lọ dí asẹ́ yín, á sì tún fa pH walẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kún un, ẹ ki ẹnu rọ́bà bọ inú ihò tí asẹ́ máa ń wà, kì í ṣe àárín jakúsì. Omi á gba ibẹ̀ lọ sínú póńpù, á ti afẹ́fẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ní "póńpù ti bàjẹ́" lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ omi, afẹ́fẹ́ lásán ló há sí i. Ẹ lo àǹfààní yìí láti mọ iye lítà tó ń gbà. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí rọ́bà yín fi ń kún kẹ́ẹ̀gì 25 kan: bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ìdá mẹ́rin, tí jakúsì sì kún ní wákàtí kan, kẹ́ẹ̀gì 48 ni, lítà 1,200 nìyẹn. Bí ti yín bá yàtọ̀, ẹ fi ìwọ̀n yẹn dín gbogbo iye tí mo kọ síbí kù, tàbí kí ẹ fi kún un. Iye Hypo fún èèyàn kọ̀ọ̀kan nìkan ni kì í yí padà, torí ara èèyàn ló ń jẹ ẹ́.

Omi tuntun nílò ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan yìí kó tó wọ ètò ojoojúmọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní alkalinity. Ẹ fi í ṣe ìdákọ̀ró pH. Bí kò bá tó, pH á máa fò káàkiri. 60 sí 80 ppm ló dára fún ẹni tó ń lo Hypo. Baking soda gíráàmù 20, ìyẹn ṣíbí ìmutíì mẹ́rin pẹrẹsẹ, máa gbé lítà 1,200 sókè ní 10 ppm. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù, nítorí bí omi ti ń ru ni pH máa ń gùn, alkalinity tó pọ̀ á sì túbọ̀ tì í sókè. Bí pH bá kọjá 7.8, agbára klorínì á rọ, ẹfun á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ híítà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta oògùn odò ìwẹ̀, ẹ ra asíìdì ẹlẹ́lùbọ́ tó ń fa pH walẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da gíráàmù 12 sí i, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tún un wò. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Oúnjẹ kòkòrò ni wọ́n. Kálísíọ̀mù náà, ẹ gbé e dé 100 sí 150 ppm bí bébà bá fi hàn pé omi yín rọ̀ jù, èyí tó wọ́pọ̀ bó bá jẹ́ omi òjò ni ẹ fi kún un: calcium chloride gíráàmù 18 fún 10 ppm.

Ìkejì, fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má tíì lo Hypo. Ẹ lo dichlor, klorínì oníyẹ̀fun kan tó ní ohun tó ń dì í mú kó má bàa le jù lára èèyàn. Ṣíbí ìmutíì méjì pẹrẹsẹ máa fún lítà 1,200 ní bíi 4 sí 5 ppm, mẹ́ta àbọ̀ sì ni fún ẹnì kan fún wákàtí kan. Bí gbogbo èyí tí ẹ ti dà bá ti tó gíráàmù 70, ẹ dúró, ẹ bọ́ sórí Hypo títí dìgbà tí ẹ ó pààrọ̀ omi. Ohun tó ń dì í mú yẹn kì í tán nínú omi. Bó bá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, á di klorínì mọ́lẹ̀ débi pé bébà á máa sọ pé 5, kòkòrò á sì máa ṣe fàájì. Wàhálà oògùn oníkóró ńlá tí wọ́n ń jù sínú odò ìwẹ̀ náà nìyẹn, yàtọ̀ sí pé ó kan gan-an, ó sì máa ń bó ibi tó bá jókòó sí nínú jakúsì. Ẹ má rà á.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ kà á fún ọmọ náà léèmejì. Kí ó má da oògùn méjì pọ̀ rí nínú ike tàbí nínú ṣíbí kan náà. Hypo pẹ̀lú asíìdì á tú afẹ́fẹ́ tó lè pa èèyàn. HTH, klorínì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi tọ́jú kànga, bó bá kan dichlor, pàápàá pẹ̀lú ọ̀rinrin díẹ̀, ó lè gbiná. Bó bá kan epo tàbí òróró náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Oògùn la sì máa ń dà sínú omi, a kì í da omi lé oògùn lórí.

Ti ọ̀sẹ̀ kò pọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn àlejò òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, kó yọ asẹ́, kó fi rọ́bà fọ àárín ìpẹ́ rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò á fà á ya. Ẹ ra asẹ́ méjì kí ọ̀kan lè gbẹ dáadáa kí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Lóṣooṣù, ẹ rẹ èyí tó wà nílẹ̀ sínú oògùn ìfọ-asẹ́ mọ́jú, torí omi lásán kì í ṣí ọ̀rá. Kó nu ìlà ọ̀rá tó wà létí omi. Lálẹ́ Àìkú, lẹ́yìn tí èrò bá ti lọ tán, kó gbé klorínì dé 10 ppm, kó jẹ́ kó sùn mọ́ ọn.

Ọ̀rá yẹn, àwa gan-an la ń gbé e wọlé. Nígbà ọyẹ́, ta ni kò fi òrí para? Òrí, àdí, ìpara irun, ọṣẹ tó kù lára aṣọ ìwẹ̀, gbogbo wọn ló ń di ìfófòó. Balùwẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jakúsì tí àlejò á ti fọ ara kó tó wọlé máa dín Hypo yín kù ju ohunkóhun tí ẹ lè rà lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi kọjá 40°C, kí wọ́n máa jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ara wọn tutù díẹ̀. Aláboyún gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó wọ̀ ọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rárá, ẹni tó ti mu ẹmu yó náà ò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Iná ńkọ́? Póńpù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ó kéré tán wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, kí ẹ pín in sí méjì. Bí kò bá síná, híítà ni kí ẹ pa, kì í ṣe póńpù. Híítà nìkan lè jẹ 2 sí 3 kilowatt, jẹnẹrétọ̀ kékeré "I pass my neighbour" ò lè gbé e. Bí omi bá dúró gbagidi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, á wà láàárín 25 sí 45°C, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò Legionella, tó ń bá kùrukùru omi wọ ẹ̀dọ̀fóró, ti ń gbèrú. Bí iná bá dé tí bébà sì sọ pé òdo, ẹ gbé e dé 10 ppm, ẹ ru ú fún wákàtí kan, kí ẹ dúró kó padà sí 5 kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ara yíyún tí àwọn àlejò ń sọ náà, bó bá jẹ́ èyí tó ń sọ róró pupa lábẹ́ ibi tí aṣọ ìwẹ̀ bò, ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀ ọ́, kòkòrò ló fà á, kì í ṣe Hypo. Ẹ ti jakúsì pa lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ibà tàbí ikọ́ bá sì mú lẹ́yìn rẹ̀, kó lọ rí dókítà, kó sì sọ pé òun wọ jakúsì.

Ìgbà tí ẹ ó pààrọ̀ omi: ẹ fi 12 pín iye lítà, ẹ tún fi iye èèyàn tó ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́ pín èyí tí ẹ rí. 1,200 pín sí 12 jẹ́ 100. Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 25. Nígbà tí ìgbéyàwó bá pọ̀ ní Adó tí ilé yín ń kún lójoojúmọ́, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí klorínì rẹ̀ wálẹ̀ sódo kí ẹ tó dà á sórí koríko, ẹ má sì darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bóhóòlù.

Hypo fúnra rẹ̀ kì í dúró bó ṣe wà. Ooru àti oòrùn ń jẹ agbára rẹ̀, nítorí náà, kí ẹ máa ra ìwọ̀nba tí ẹ ó lò tán láàárín oṣù kan, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ike, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, jìnnà sí ẹnu jẹnẹrétọ̀. Èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ fi fọ balùwẹ̀.